Kò Sí Òkun ní Kàbà

Ọyẹ́ ò tíì lọ tán lọ́jọ́ tí mo wọ Kàbà.
Awakọ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì,
èmi, ẹrù méjì, àti fọ́ọ̀mù tí òógùn ti rin.
Bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè wò mí lójú, ó ní,
"Okun o!"
Mo wẹ̀yìn wò.
Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Bí ẹnìkan bá ti pariwo òkun,
ọmọ kékeré tó wà létí omi la máa ń kọ́kọ́ wá.
Àpáta ni mo rí. Àpáta, ewé gbígbẹ,
àti òkè kan tó jókòó bí àgbàlagbà tí kò retí àlejò.

Mo ti sọ fún ìyá mi pé kò séwu,
pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Yorùbá kan náà ni.
Alẹ́ ọjọ́ kejì, yàrá kẹrìnlá,
Dáísí ọmọ Mọ̀pà ń sọ̀tàn fún Bọ̀dúndé ọmọ Ìyàrà,
mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò aládùúgbò:
orúkọ kan, ọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn náà ògiri.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi pẹ́ lọ́nà,
ó wọlé nígbà tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ló burú jù.
Wọ́n á gbọn báàgì wọn dà sórí bẹ́ẹ̀dì,
wọ́n á ká a lófìfo sábíyá, ó dilé.
Tèmi, mọ́tò mẹ́ta àti odidi ọjọ́ kan gbáko.
Mo fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.
Mo kàwé lórí ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ oníyanrìn,
èyí tó ń gba omi mọ́ra, èyí tó ń jẹ́ kó ṣàn lọ,
mo sì ń bi ara mi léèrè èwo ni mí.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, iṣu á wọlé, gààrí á wọlé,
òórùn ilé onílé á gba yàrá kan.

Nígbà tó yá, ìyá mi fi ẹja ránṣẹ́,
ẹja gbígbẹ tó fi èèpo àgbọn yan.
Mo fi bébà wé e, mo fi ọ̀rá wé e,
mo sọ ọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi pátákó dé e,
kí wọ́n má baà ní ará Èkó ń rùn.
(Èkó ni wọ́n ń pè mí. Mo ti ṣàlàyé Ẹ̀pẹ́ títí ó fi sú mi.)
Òru ni mò ń jẹ ẹ́, bí ológbò.

Títí iná fi lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan.
Dáísí sọ̀rọ̀ láti inú òkùnkùn,
ó ń wá Yorùbá tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì:
"Ẹja yẹn, ṣé ìwọ nìkan ni yóò jẹ ẹ́ tán?
Láti ìjẹta ni itọ́ ti ń dà lẹ́nu wa."

A gbé odó síta. Bọ̀dúndé na ọmọ odó kẹta sí mi.
N kò gúnyán rí láyé mi.
Tiwọn ń lọ sókè, tiwọn ń bọ̀,
àyè mi wà láàárín, kò ju ìmí kan lọ.
Mo sọ tèmi sílẹ̀.
Gbàgà!
Ọmọ odó Dáísí ni mo gún.
Iṣu ta, ó lẹ̀ mọ́ Bọ̀dúndé níwájú orí,
ẹ̀rín sì bú lẹ́nu àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.
N kò dúró wo ẹnu ẹnìkankan.

Iyán náà ní kókó. A jẹ ẹ́. Ẹja tán.
Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè ohun tó dé
tí wọ́n fi ń fi òkun kí ara wọn nílùú tí kò lómi.
Bọ̀dúndé wò mí bí ẹni rí ewúrẹ́ lórí igi.
"Okun," ó ní. "Okun! Ti inú, tí a fi ń gbé tòde."

Wọ́n fún wa ní họ́lídè, mo délé.
Ìyá mi wà létí omi, ó ń họ ìpẹ́ ẹja.
Ẹnu mi yá jù mí lọ:
"Okun o!"
Ó gbójú sókè. Ó wo omi, ó wò mí.
"Ọ̀sà nìyí," ó ní.
"Ṣé wọn ò kọ́ ẹ níbẹ̀ ni?"